Páànù Orí Yàrá Yẹ́misí

"Ìyá Yẹ́misí, ẹ san owó ọdún méjì, kí ẹ fi kọ́ṣọ̀n lé e, àbí kí ẹ kó jáde!"

Ọ̀gbẹ́ni Ọláfimíhàn, onílé wọn ní Ìgàndò, ló ń pariwo lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kọ́ṣọ̀n ni owó tó máa ń gbà sílẹ̀, bóyá ayálégbé lè ba ilé jẹ́. Kò dá a padà fún ẹnikẹ́ni rí.

Opó aránṣọ ni ìyá Yẹ́misí. Owó ìdánwò àṣekágbá ọmọ rẹ̀ nìkan ló ní nílé. Ó ti ń tú u létí ìró.

Yẹ́misí di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Màámi, ẹ má san án. Wọ́n sọ ọ́ lórí rédíò pé òfin ti fi ààlà sí owó tí onílé lè gbà ṣáájú. Èyí ti kọjá ààlà."

Onílé rẹ́rìn-ín. "Ṣé rédíò ló bá mi kọ́lé ni? Lọ́yà ìdí máṣíìnì! Ó dáa, kí òfin bò yín lórí."

Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí Ràímì káfíńtà ṣí páànù orí yàrá wọn.

Ràímì ní, "Bàbá, òjò ṣú o."

"Ṣí i jàre!"

Òjò dé lóòótọ́. Ìwé Yẹ́misí rin gbingbin. Ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún. "Ṣé o rí i? Jẹ́ ká san án."

"Tí a bá san án lónìí, ọdún tó ń bọ̀ ńkọ́, Màámi?"

Àṣé páànù gígùn kan náà ló bo yàrá wọn àti ti onílé. Ìbínú kò jẹ́ kí ó rántí. Kò pẹ́ tí igbe rẹ̀ fi sọ: "Bẹ́ẹ̀dì mi o! Ràímì, o pa mí!" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Yẹ́misí àti ìyá rẹ̀ gba kóòtù lọ. Adájọ́ ní kí onílé kan páànù padà, kí ó sì gba kìkì ohun tí òfin gbà. Ìwé àyálò ni Yẹ́misí fi kàwé, ó sì ṣe ìdánwò rẹ̀.

Nígbà tó yá, Bàbá Ṣóbọ̀wálé, ayálégbé tó dàgbà jù nínú ilé, fẹ́ parí ìjà. "Yẹ́misí, kúnlẹ̀, bẹ onílé. Ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ níkùúnlẹ̀."

Yẹ́misí kúnlẹ̀ níwájú onílé. "Ẹ káàsán, sà. Ẹ jù mí lọ, mo kí yín. Ṣùgbọ́n n kò jẹ̀bi, n kò sì ní bẹ̀bẹ̀." Ó dìde, ó wọlé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ bọ̀wọ̀ fún àgbà, kí ẹ sì mọ ẹ̀tọ́ yín. Ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ, tó dákẹ́, ó ń la ọ̀nà fún arẹ́nijẹ lọ sílé ẹlòmíràn ni.