Imú Ilẹ̀-Àárín

"Ta ló ti fẹsẹ̀ tẹ erékùṣù rí nínú yín?"

Ọ̀gbẹ́ni Ọlọ́runlékè, olùkọ́ Jọ́gíráfì, ló bi àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Kábà. Húsnà nìkan ló nawọ́.

"Sà, ìdílé wa ní ọ̀kan. Àárín Odò Ọya ló wà, nílẹ̀ Ọ̀wọ̀rọ̀."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Virtue, tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀, ní, "Fọ́tò rẹ̀ dà? Àbí fóònù tó o máa fi yà á ni ò tíì dé?"

Ẹ̀rín tún pọ̀ sí i, nítorí gbogbo wọn mọ̀ pé Húsnà ò ní fóònù. Olùkọ́ pàṣẹ kí wọ́n dákẹ́, ó ní kí Húsnà ṣàlàyé bí erékùṣù náà ṣe rí, ṣùgbọ́n ojú ti ọmọbìnrin náà. Gbólóhùn kan péré ló sọ, ó sì jókòó.

Òótọ́ ló sì sọ. Ilẹ̀-Àárín ni wọ́n ń pè é. Mùhámmẹ́dù apẹja, bàbá tó bí bàbá àgbà Húsnà, ló tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ baálẹ̀ ayé ìgbà náà, nígbà tó jẹ́ òkìtì yanrìn tẹ́nikẹ́ni ò kà sí. Ó gbin máńgòrò àti ìrókò sí i kí gbòǹgbò wọn lè di ilẹ̀ mú. Láyé àwọn ọkọ̀ ojú omi ńlá tó ń ná odò náà, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń dúró ra igi ìdáná. Ó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá ìtukọ̀. Ní ìparí rẹ̀ lápá àríwá, níbi tí omi ti ń bọ̀, ni yanrìn gíga kan wà tí wọ́n ń pè ní Imú. Lẹ́yìn ọdún tí omíyalé lé gbogbo ará ibẹ̀ kúrò, oko àti ibojì nìkan ló ṣẹ́kù. Ibojì Rachel, ìyá àgbà Húsnà, wà lára wọn, lábẹ́ máńgòrò kan.

Baba Láwọ̀yín, bàbá àgbà rẹ̀, ló máa ń mú un lọ síbẹ̀ nígbà ìsinmi láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú. Ó ti fi ààlà ilẹ̀ náà hàn án yíká.

"Imú yìí ló ń la omi sí méjì," ni Baba máa ń sọ. "Bí kò bá sí i, àárín ilẹ̀ wa lomi máa gbà kọjá."

Ọdún yẹn, ojú Baba ṣókùnkùn. Wọ́n gbé e wá sí Kábà, sọ́dọ̀ Àǹtí Bíllíkísù, ọmọ rẹ̀ obìnrin tí Húsnà ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, kí dókítà lè máa tọ́jú rẹ̀. Kò pẹ́ sígbà náà ni Ṣùháíbù, àbúrò bàbá Húsnà, wá láti abúlé, ó ní baálẹ̀ ń pe ọmọbìnrin náà. Inú mọ́tò ló ti tú ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún un.

"Àwọn kan fẹ́ fi ẹ̀rọ fa yanrìn Imú tà, èmi náà á sì rí tèmi gbà níbẹ̀. Bí wọ́n bá bi ọ́, sọ pé ìdí ìrókò ni ilẹ̀ wa parí sí, pé kò dé Imú."

"Ṣùgbọ́n tiwa ni Imú, Bàbá kékeré. Baba ní bí wọ́n bá kó o..."

"Baba ò kàwé. Ìwọ tó ń kọ́ Jọ́gíráfì, ṣé odò kì í kó yanrìn tuntun wá lọ́dọọdún ni?" Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ṣe èyí fún mi, fóònù tó o fẹ́ á sì tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́ kó o tó padà sí Kábà."

Húsnà wo igbó tó ń sáré kọjá lójú fèrèsé. Ẹ̀rín Virtue ló ń gbọ́.

Baálẹ̀ àti àwọn àgbà ti jókòó nígbà tí wọ́n dé. Húsnà kúnlẹ̀, ó kí i pé, "Okun o, Baba." Baálẹ̀ dá a lóhùn, ó sì wò ó dáadáa.

"Ìwọ ni Láwọ̀yín máa ń mú lọ, ojú rẹ̀ ò sì jẹ́ kó lè wá báyìí. Bí Imú bá jẹ́ tirẹ̀, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án títí yóò fi dé. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀, ti ìlú ni. Ibo ló ní ilẹ̀ yín parí sí?"

Ṣùháíbù wúkọ́ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìdí ìrókò ni, Baba."

Bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ ṣe parí. Fóònù dé, Húsnà ya fọ́tò Ilẹ̀-Àárín láti etí odò, Virtue sì yẹ́ ẹ sí. Adùn rẹ̀ ò tọ́jọ́. Nígbàkigbà tó bá mú Baba lọ sọ́dọ̀ dókítà, bàbá náà á di èjìká rẹ̀ mú, á béèrè pé, "Imú ń kọ́?"

"Ó wà níbẹ̀, Baba," ni Húsnà máa ń sọ. Lákòókò yẹn, ẹ̀rọ ti ń fa yanrìn náà láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́.

Nígbà tó fi máa di òjò ọdún kejì, wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún Baba, ó sì ti ń ríran díẹ̀. Ó ní òun fẹ́ lọ wo Ilẹ̀-Àárín. Húsnà tẹ̀ lé e. Ọmọ́níyì, apẹja tó mọ̀ wọ́n dáadáa, ló fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wọn. Kò báwọn tàkúrọ̀sọ bó ṣe máa ń ṣe.

Omi ti kún. Baba ń wo iwájú, ó ń fọwọ́ nu ojú. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní, "Ọmọ́níyì, o ti ṣìnà. Ìdí máńgòrò Rachel ni mo ní kó o gbé mi lọ."

Ọmọ́níyì dá àjẹ̀ dúró. "Baba, ibi tá a wà yìí náà ni. Àwọn tó ń fa yanrìn ti kó Imú lọ."

Omi pupa ń ṣàn lábẹ́ wọn. Ilẹ̀-Àárín ti gé sí méjì. Ìrókò ti ṣubú, ẹ̀ka rẹ̀ kan ló yọ lójú omi. Níbi tí ibojì wà, odò ló ń kọjá.

"Ta ló fún wọn ní Imú?" ni Baba béèrè.

Ọmọ́níyì gbójú sílẹ̀. Húsnà ti ń sunkún.

"Èmi ni, Baba. Mo sọ fún baálẹ̀ pé kì í ṣe tiwa."

Baba ò pariwo, kò sì lù ú. Ó ki ọwọ́ bọ omi, ó fi í síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ bí ẹni tó ń wá nǹkan. Níkẹyìn ó ní, "Ẹ jẹ́ ká padà."

Láti ọjọ́ náà, bí Húsnà bá kí i, á dáhùn. Bó bá gbé oúnjẹ wá, á dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kò sọ ìtàn kankan fún un mọ́, ọmọ aládùúgbò ló sì ń pè bó bá fẹ́ jáde. Húsnà dá fóònù padà fún Ṣùháíbù. Ìyẹn bú sẹ́rìn-ín, ó jù ú sápò.

Kí ọdún náà tó parí, Húsnà gbọ́ pé àwọn tó ń fa yanrìn ti ń wo etí odò níbi tí ìdílé Gbémisọ́lá, opó kan ní abúlé náà, ń dáko sí. Ṣùháíbù tún ti ń wá ẹni tó máa jẹ́rìí pé ilẹ̀ náà kì í ṣe ti opó náà. Húsnà sọ fún Àǹtí Bíllíkísù, àwọn méjèèjì sì wọkọ̀ lọ sí abúlé. Ó kúnlẹ̀ níwájú gbogbo àgbà, ó sọ irọ́ tó pa, ó dárúkọ ẹni tó kọ́ ọ ní irọ́ náà àti ohun tó gbà.

"Ọmọ Láwọ̀yín," ni baálẹ̀ wí, "ká ní o ti sọ èyí lọ́jọ́ tí mo bi ọ́ ni."

Wọ́n lé àwọn aláyanrìn lọ, oko Gbémisọ́lá sì yè bọ́. Ìtìjú ò jẹ́ kí Ṣùháíbù yọjú sí abúlé mọ́. Nígbà tí Baba gbọ́, ó ní, "Ó dáa tó o sọ ọ́," ó sì yí ojú sí ògiri.

Húsnà ti mọ̀ báyìí pé ohun tí ojú ẹgbẹ́ mú kó fẹ́ kò tó ohun tó fi rà á. Òótọ́ tó sọ gba oko ẹlòmíràn là, ó sì yẹ kó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n odò ò dá Ilẹ̀-Àárín padà, Baba náà ò sì pè é kó wá mú òun jáde mọ́.