Ẹrù Alhaji Nínú Báàgì Munirat

Àárọ̀ Sátidé ni. Husainat ti fọ abọ́ tán ní ilé wọn ní Clonsilla, ní ìlú Dublin. Ó jókòó ti tábìlì, ó ń fi eékánná họ ẹ̀yìn káàdì tẹlifóònù kí nọ́ńbà rẹ̀ lè yọ. Ìgbà tí iṣẹ́ pọ̀ ní Ireland ni, tí kò sí àdúgbò ní Dublin tí wọn kò ti ń kọ́lé. Mọ̀múdù ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní èbúté bí ẹni pé wọ́n fẹ́ kó gbogbo ayé wọ ọkọ̀ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ọkàn Husainat kò sí ní Dublin rárá. Ọkàn rẹ̀ wà ní India, lọ́dọ̀ Munirat àkọ́bí rẹ̀.

Munirat àti àwọn ọ̀dọ́ bíi tirẹ̀ ti lọ sí ìlú Hyderabad láti yọ̀ǹda ara wọn. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ aláìní níwèé níbẹ̀. Abdullateef wà lára wọn, ọmọ Alhaji Tàjùdíìnì tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Finglas ní Dublin.

Wọ́n gbé tẹlifóònù lọ́hùn-ún.

"Mummy, ẹ káàsán o!"

"Ọ̀sán tiyín nìyẹn, àárọ̀ la wà níbí. Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun. It's grand, Mummy."

"Grand, grand. Bí ebi bá ń pa ọ́ kú lọ, grand náà lo máa wí."

Munirat rẹ́rìn-ín, ó wá bẹ̀rẹ̀ ìròyìn. Ó ní àwọn wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí àárín ìlú. "Ẹ mú èrò Ìdúmọ̀tà nígbà tí Iléyá bá ku ọ̀la, kí ẹ da màlúù sáàárín títì, kí gbogbo mọ́tò wá máa fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan náà. Bó ṣe rí nìyẹn!" Ó ní ilé gíga olópòó mẹ́rin kan wà láàárín ọjà, pé ẹ̀gbà ọwọ́ ni wọ́n ń tà ní ọ̀nà tóóró tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lọ́tùn-ún lósì, ó ń dán títí ojú fi ń ro ni. Ó ní wọ́n pe ìrun, ohùn ladaani bo gbogbo ariwo ọjà mọ́lẹ̀. Wọ́n jẹ ìrẹsì aláta, ni ojú ọmọ Ireland kan bá pọ́n bíi tòmátì, ó ń mu omi bí ẹni tí ilé ń jó nínú rẹ̀.

Husainat rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Mo ti lọ gba ẹrù Alhaji náà," ni Munirat wí.

Ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ẹrù yìí ṣe jẹ́. Kí Munirat tó lọ, Alhaji Tàjùdíìnì wá sílé wọn. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan ní Hyderabad ní oògùn ara ríro díẹ̀ fún òun, kí ọmọ náà bá òun fi sínú báàgì tó bá ń bọ̀. Orí ìkúnlẹ̀ ni Husainat ti dáhùn pé kò tó nǹkan. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ kọ̀ fún Alhaji? Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé Dublin, tí òtútù ń gé wọn bí ọ̀bẹ, tí wọn kò mọ ẹnikẹ́ni, Alhaji ló gbé aṣọ òtútù àti ìrẹsì wá fún wọn.

"Báwo ni ẹrù náà ṣe rí?"

"Wọ́n fi aṣọ funfun dì í, wọ́n fi abẹ́rẹ́ rán an yíká. Ọkùnrin náà ní n kò gbọdọ̀ já òwú rẹ̀. Mummy, ṣé kí n tú u wò? Olórí ẹgbẹ́ wa ti sọ fún wa pé kí ẹnikẹ́ni má gbé ohun tí kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì."

Inú bí Husainat. "Tú kí ni? Wọ́n fi ẹrù àgbàlagbà rán ọ, o fẹ́ tú u? Irú ìwà wo nìyẹn? Olórí yín ló bí ọ ni, àbí èmi? Òyìnbó ni wọ́n ń bá sọ ìyẹn. Fi ẹrù sínú báàgì, kí o gbé e wálé."

"Okay, Mummy." Ohùn ọmọ náà ti wálẹ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Husainat lọ gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Mọ̀múdù lọ́dọ̀ Adéjọkẹ́. Ọmọ Òṣogbo ni Adéjọkẹ́, apòògùn tó kàwé iṣẹ́ náà ní yunifásítì, tó sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé oògùn kan nítòsí.

"Jọkẹ́, tọ́jú oníbàárà rẹ o," ni Husainat fi ṣàwàdà. "Munirat ń gbé oògùn Alhaji Tàjùdíìnì bọ̀ láti India. A ò ní í wá sọ́dọ̀ rẹ mọ́."

Ẹ̀rín kúrò lójú Adéjọkẹ́. "Oògùn kí ni, Ìyá Munirat?"

"Ti ara ríro."

"Orúkọ rẹ̀?"

"N kò bèèrè."

"Inú kí ni wọ́n kó o sí?"

"Aṣọ funfun ni wọ́n rán mọ́ ọn."

"Aṣọ funfun! Ṣé oògùn ni àbí òkú ni wọ́n ń sin?" Adéjọkẹ́ fà á wọ yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn. "Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Oògùn ara ríro wà tí òfin ń ṣọ́, tí dókítà gbọ́dọ̀ kọ fún ẹni tó máa lò ó, lórúkọ onítọ̀hún. Èmi tí mo ń tà á níbí, n kò jẹ́ kó o sínú báàgì mi wọ ìlú yìí bẹ́ẹ̀ yẹn. Bí ó bá sì wá jẹ́ ohun tó burú ju oògùn lọ ńkọ́? Ṣé ẹ mọ̀? Munirat mọ̀? Kọ́sítọ́ọ̀mù kò ní í wá ẹni tó ni ẹrù. Ẹni tí báàgì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n máa mú."

"Ṣùgbọ́n Alhaji á sọ fún wọn pé..."

"Níbo ni Alhaji á wà? Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni yóò wà, tí yóò máa ta èlùbọ́. Munirat ló máa lọ sẹ́wọ̀n. Bó bá tẹ̀wọ̀n dé, ta ló máa gbà á síṣẹ́? Ìwé ìgbélùú rẹ̀ ńkọ́?"

Husainat jókòó sórí páálí kan, ó gbọ́wọ́ lérí. Ó gbójú sókè lójijì.

"Abdullateef wà níbẹ̀," ló wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Jọkẹ́, ọmọ Alhaji wà níbẹ̀! Ọkọ̀ òfurufú kan náà ni wọ́n jọ ń bá bọ̀!"

Ìbẹ̀rù kúrò lára rẹ̀. Ohun tó rọ́pò rẹ̀ gbóná.

Àwọn méjèèjì wọ mọ́tò Adéjọkẹ́ lọ sí Finglas. Alhaji jókòó sẹ́yìn tábìlì ìtajà rẹ̀. Husainat kúnlẹ̀ kí i, nítorí ilé tó ní ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti bí i. Ṣùgbọ́n ó dìde kíá.

"Alhaji, kí ló wà nínú ẹrù yẹn?"

"Oògùn kékeré náà? Ṣé Munirat ti gbà á? Alhamdulillahi!"

"Kí lorúkọ oògùn náà, sà?"

"Háà, Husainat, o ti di dókítà?" Ó rẹ́rìn-ín.

"Kí ló dé tí ẹ kò rán Abdullateef?"

Ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró. "Abdullateef kẹ̀? Ìyẹn tí kì í mọ ibi tó bá bọ́ bàtà rẹ̀ sí? Á sọ ọ́ nù."

"Kò ní í sọ ọ́ nù. Munirat á bá a gbé e dé pápákọ̀ òfurufú, á bá a kì í bọ inú báàgì tirẹ̀, á sì bá a fa síìpù pa. Ẹ pe Abdullateef, sà. Ẹ̀yin lẹ ń ta káàdì tẹlifóònù. Ẹ pè é lójú wa, kí ẹ sọ fún un pé kó gbé oògùn bàbá rẹ̀ wálé."

Alhaji wo tẹlifóònù tó wà níwájú rẹ̀. Kò fọwọ́ kàn án.

"Èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ báyìí, Husainat? Èmi tí mo fi aṣọ òtútù bo ìwọ àtàwọn ọmọ rẹ?"

"Ẹ bò wá lóòótọ́, Ọlọ́run á san án fún yín. Ṣé kí ẹ lè rí ọmọ rán lọ sẹ́wọ̀n lẹ ṣe bò wá?"

Alhaji yíjú sí àpò èlùbọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tẹlifóònù ṣì wà níbẹ̀. Kò pe ọmọ rẹ̀. Kí la tún fẹ́ gbọ́?

Inú mọ́tò ni wọ́n ti pe Munirat. Adéjọkẹ́ sọ fún un pé kó má tú ẹrù náà, kó má sì dá lọ. Kó sọ gbogbo rẹ̀ fún olórí wọn, kí wọ́n jọ lọ dá a padà.

Lọ́jọ́ kejì Munirat ròyìn. "Mummy, ọkùnrin náà gbà á, kò bèèrè ìdí. Ó wo olórí wa, ó ti ẹrù sábẹ́ tábìlì, ló bá ń ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan."

Ẹ gbọ́ ná! Wọ́n dá oògùn rere padà fún èèyàn, kò bèèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀?

Síbẹ̀, àwọn kan ní mọ́ṣáláṣí ń sọ pé Husainat kò moore, pé ó ti di òyìnbó. Mọ̀múdù pàápàá fajú ro. "Kò yẹ kó o lọ bá àgbàlagbà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀."

"Níbo ni ǹ bá dúró kí n ti bá a? Ṣé ẹnu ọ̀nà ọgbà ẹ̀wọ̀n?"



Lọ́jọ́ tí wọ́n dé, Husainat dúró sí pápákọ̀ òfurufú, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Àwọn ẹgbẹ́ Munirat jáde. Abdullateef jáde, ó fi báàgì kékeré kọ́ èjìká, ó ń fẹnu fọn orin. Munirat kò jáde. Ilẹ̀kùn ṣí, ó padé. Ó tún ṣí, ìdílé mìíràn ni. Husainat ń fọwọ́ yí tẹ̀sùbáà.

Ìgbà tó yá ni ọmọ náà yọ, aṣọ rẹ̀ ń yọ létí báàgì.

"Wọ́n tú gbogbo ẹ̀ síta, Mummy. Wọ́n tẹ ọṣẹ mi wò. Kọ́sítọ́ọ̀mù bi mí bóyá ẹnì kan fún mi ní nǹkan gbé. Mo wò ó lójú, mo ní rárá."

Husainat fà á mọ́ra. "Má bínú sí mi," ló ń wí. "Ìwọ lo bèèrè ohun tó yẹ kí n bèèrè."

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń rìnrìn àjò, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ yín létí. Fi ọwọ́ ara rẹ di ẹrù rẹ. Má bá ẹnikẹ́ni gbé ohun tí o kò rí inú rẹ̀, kì báà ṣe àlùfáà, kì báà ṣe ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ. Oògùn tí kò sí ìwé dókítà lórúkọ rẹ, má gbé e sọdá bodè. Bí wọ́n bá ti kó o lé ọ lọ́wọ́, má dákẹ́; sọ fún olórí yín kí o tó dé ibi ọkọ̀. Ẹ̀yin ìyá, bí ọmọ bá ní kí òun tú ẹrù wò, ẹ má fi àgbà pa á lẹ́nu mọ́. Ìwà ọmọlúàbí kọ́ ni kí á fi ọmọ ẹni ru ẹ̀ṣẹ̀ ẹlẹ́ṣẹ̀. Àgbà tó fẹ́ràn ọmọ rẹ kò ní í bínú bí o bá bi í léèrè ohun tó fi rán an. Èyí tó bá sì bínú, ẹ jẹ́ kó bínú. A lè bẹ àgbà kí inú rẹ̀ rọ̀. A kò lè bẹ ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n.