Káàdì Méjì, Nọ́ńbà Kan

Èéfín gàrí tó ń jóná ni Ìbítáyọ̀ bá pàdé lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ Alhaja Sàúdátù ní Ìjẹ̀bú-Òde. Haneef, ọmọ Alhaja tó ń bójú tó ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yan gàrí, ló jáde pàdé rẹ̀.

“Ẹ káàsán, sà. Èmi ni ẹnjiníà tí ẹ ránṣẹ́ pè. Ẹ yà fún mi kí n rí inú àpótí ẹ̀rọ yín.”

Haneef yà fún un. Ká má parọ́, ojú rẹ̀ kò sí lára ẹ̀rọ mọ́, ara ọmọbìnrin náà ló wà.

Ìbítáyọ̀ paná, ó yọ káàdì méjì tó ń darí ẹ̀rọ jáde. Àwọn súìṣì wà lára wọn, wọ́n kéré bí ẹyọ ìrẹsì.

“Káàdì kan ń ṣọ́ iná, èkejì ń ṣọ́ mọ́tò. Bí nǹkan bá ṣe èyíkéyìí nínú wọn, á fi nọ́ńbà tirẹ̀ pe ọpọlọ ẹ̀rọ pé kó fi ohun gbogbo sílẹ̀, kó wá dá òun lóhùn. Súìṣì yìí ló ń yan nọ́ńbà náà. Ta ló tò ó?”

“Èmi ni. Káàdì iná bàjẹ́, mo ra tuntun, mo wo ti mọ́tò, mo sì tò ó bákan náà gẹ́lẹ́.”

“Ohun tó bà á jẹ́ nìyẹn, nọ́ńbà méjèèjì di ọ̀kan náà. Iná ń pè, ọpọlọ ń rò pé mọ́tò ni. Ó yẹ mọ́tò wò, kò rí nǹkan, ó bá tiẹ̀ lọ. Gàrí ń jóná.”

Ó yí súìṣì kan ṣoṣo, ó tan ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í yan gàrí dáadáa. Ìtìjú bo Haneef.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún Alhaja pé gbàrọgùdù ni wọ́n tà fún wa.”

“N ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ sọ òótọ́ fún ìyá yín.”

Ó lọ sọ ọ́. Alhaja pòṣé, ó sì rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rọ gbádùn, Haneef ni kò gbádùn. Lójoojúmọ́ ló ń pe Ìbítáyọ̀ pé kí ni iná pupa ń sọ, kí ni tàwọ̀ ewé ń sọ.

“Haneef, ṣé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ lò ń bá mi sọ ni àbí tèmi?”

“Tìẹ ni, olólùfẹ́ mi.”

Ìfẹ́ wọ̀ wọ́n lára. Ṣùgbọ́n Alhaja gbọ́ pé alágbẹ̀dẹ tó ń bọ Ògún ní Ayépé ni Ògúntọ́lá, bàbá Ìbítáyọ̀, ó sì yarí. Haneef kò lè jẹun mọ́. Nígbà tó yá, àánú ọmọ ṣe Alhaja, ó ní kí ọmọbìnrin náà wá rí òun.

Orí ẹní ìkírun ló bá Alhaja.

“Bí o bá fẹ́ ọmọ mi, ṣé wàá máa kírun?”

Haneef ń ṣẹ́jú sí i pé kó ṣáà ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Mà, bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni lónìí, torí kí ẹ lè gbà mí ni. Mo fẹ́ kọ́ ọ ná. Bó bá wọ̀ mí lọ́kàn, màá kí i. Ṣùgbọ́n n ò ní forí kanlẹ̀ fún Ọlọ́run kí n fi tàn yín jẹ.”

Haneef rò pé ó ti parí nìyẹn. Alhaja yíjú sí ọmọbìnrin náà.

“Àwọn ìyàwó àwọn ẹ̀gbọ́n Haneef méjì tó wà nílé, bẹ́ẹ̀ ni ni wọ́n sọ fún mi. N ò tíì rí wọn lórí ẹní dòní.” Ó sún, ó fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. “Wá jókòó, ìyàwó mi. Èmi fúnra mi ni màá kọ́ ẹ. Haneef, lọ pe àwọn ẹbí wa, kí wọ́n múra àtilọ tọrọ ìyàwó ní Ayépé.”

Haneef kò lè dìde. Ó ń sunkún.