Àmì Tí Àpótí Tuntun Gbé Mì

"Ṣé eérú ni wọ́n fi kun ojú kọ̀ǹpútà yín yìí ni?"

Ọ̀rẹ́ Kíákíá ló bèèrè. Ó dúró lẹ́yìn àga rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, báàgì ilé-ìwé ṣì wà léjìká rẹ̀. Bó ṣe wí ni ojú kọ̀ǹpútà náà rí: fọ́ọ̀mù aláwọ̀ eérú, àpótí funfun mẹ́fà, bọ́tìnì mẹ́ta. Kò sí àwòrán kankan.

"Bàbá àgbà mi ló kọ ètò yìí kí wọ́n tó bí wa," ni Kíákíá dáhùn.

"Ó hàn! Ẹ fún un ní ọ̀pá kó máa fi tilẹ̀. Èyí náà lo fẹ́ gbé lọ síbi ìdíje kọ̀ǹpútà ilé-ìwé?"

Kíákíá rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ kò dùn.

Orúkọ ìnagijẹ ni Kíákíá. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá. Màmá rẹ̀ ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Gíláàsì ojú ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Dókítà á kọ nọ́ńbà sínú ìwé, oníbàárà á mú un wá, Kíákíá á tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ìwé tí kọ̀ǹpútà bá tẹ̀ jáde ni Màmá fi ń lọ dígí.

Àmì kan máa ń wà níwájú nọ́ńbà. Àmì àyọkúrò wà fún ẹni tí kò rí ohun tó jìnnà. Àmì ìròpọ̀ wà fún ẹni tí kò rí ohun tó wà nítòsí. Nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, nọ́ńbà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ tẹ̀. Kọ̀ǹpútà á ké "píì", kò ní jẹ́ kí èèyàn kọjá títí tó fi máa tẹ àmì sí i. Ó ti mọ́ gbogbo wọn lára bẹ́ẹ̀. Igbe náà ló ń rán wọn létí.

Ọlidé méjì ni Bàbá àgbà fi kọ́ Kíákíá ní ètò náà. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ya àpótí sórí fọ́ọ̀mù, àti bí wọ́n ṣe ń kọ kóòdù sẹ́yìn rẹ̀. Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ló ṣe fún un: "Má yọ ohunkóhun láìbi mí."

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀fẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, Kíákíá yọ àpótí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ó ya mẹ́fà mìíràn, aláwọ̀ ojú ọ̀run, ó fún wọn ní orúkọ tuntun. Bàbá àgbà wà nínú yàrá kejì, ó ń ka ìwé. Ibẹ̀ kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ. Kíákíá kò lọ bi í. Ó tẹ nọ́ńbà kan wò, ìwé jáde, ó dìde. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí i lọ́jọ́ Ajé, ó pàtẹ́wọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, dírẹ́bà bọ́ọ̀sì kan mú ìwé dókítà wá. Gíláàsì rẹ̀ àtijọ́ ti fọ́.

"Kíákíá, jẹ́ orúkọ rẹ lónìí o! Ọjọ́bọ̀ ni àyẹ̀wò ojú wa. Dírẹ́bà tí kò bá rí lẹ́tà ara ògiri, wọ́n á gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń wakọ̀ ní ọ̀nà yẹn. Bọ́ọ̀sì náà mọ̀ mí ju ìyàwó mi lọ."

"Ẹ má mikàn, sà. Á ti ṣetán lọ́la."

Ó tẹ nọ́ńbà sínú àpótí tuntun. Kọ̀ǹpútà kò ké. Ó kọjá sí èyí tó kàn.

Ìyàwó dírẹ́bà ló wá gba gíláàsì náà lọ́jọ́rú. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, dírẹ́bà fúnra rẹ̀ wọlé. Kò ṣàwàdà. Ó gbé gíláàsì náà sórí tábìlì.

"Lẹ́tà àkọ́kọ́ tóbi bí ilẹ̀kùn, n kò rí i. Láti àná ni mo ti ń rí kùrukùru. Mo ní tuntun ni, yóò mọ́ mi lójú. Wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́. Wọ́n ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ajé. Bí n kò bá tún rí i, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn."

Màmá fi ẹ̀rọ wọn dígí náà. Ó wo ìwé tí kọ̀ǹpútà tẹ̀. Wọ́n bára mu.

"Ohun tí mo rí nínú ìwé ni mo lọ," ló wí. "Dókítà yẹn ló ṣì í kọ. Yóò gbọ́ tẹnu mi lónìí." Ó mú fóònù.

Kíákíá ti fa dúrọ́ọ̀ ṣí. Ìwé dókítà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìlà tínrín kan, àmì àyọkúrò, wà níwájú nọ́ńbà, ó hàn ketekete. Kò sí ìlà náà nínú ìwé tí kọ̀ǹpútà tẹ̀. Nọ́ńbà tí kò bá sì ní àmì, ti ìròpọ̀ ni wọ́n ń kà á sí. Bó bá dá ìwé náà padà sí dúrọ́ọ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ lọ́jọ́ náà. Ìdíje ku ọ̀sẹ̀ kan. Fóònù dókítà ti ń dún.

"Ẹ má pè é, Màmá. Èmi ni."

Màmá gbé fóònù sílẹ̀. Dírẹ́bà wò ó.

"Ìwọ náà nílò gíláàsì, àbí?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Wọ́n pe Bàbá àgbà. Ó jókòó, ó wo àpótí aláwọ̀ ojú ọ̀run náà pẹ́. Ó ṣí kóòdù.

"Kóòdù mi tó ń ké rèé," ló wí. "Ọ̀rọ̀ kan kò dín níbẹ̀. Àpótí tó ń pè é lo yọ. Ó dà bí olùṣọ́ tí wọ́n gbé ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ. Ó ṣì dúró, kò rí ibi tó máa ṣọ́."

Kíákíá rí ìlà kan lókè kóòdù náà. Kò kà á rí. *Nítorí ọmọ tí wọ́n pè ní olódo.*

"Bàbá, ta ni ọmọ yìí?"

"Oníbàárà ni. Èmi ni mo tẹ nọ́ńbà rẹ̀ láìsí àmì. Odidi sáà kan ni kò fi rí ohun tí olùkọ́ kọ sójú pátákó. Wọ́n ń nà án. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Mo kọ́ àpótí náà kó má baà gbé àmì mì mọ́. Ìwọ kọ́ òmíràn tó ń gbé e mì."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má bínú."

"Ìbínú kò lè lọ dígí. Ìwé mélòó lo ti tẹ̀ láti Àbámẹ́ta?"

"Mọ́kànlá."

"Kó wọn wá."

Wọ́n yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Ti ìròpọ̀ ni mẹ́sàn-án nínú wọn, wọn kò yí padà. Òmíràn tó sọ àmì àyọkúrò nù jẹ́ ti akẹ́kọ̀ọ́ kan. Màmá kò tíì lọ dígí rẹ̀. Kíákíá dá àpótí àtijọ́ padà, Bàbá àgbà ń wò ó. Màmá lọ dígí tuntun fún dírẹ́bà lójú ẹsẹ̀. Ọkùnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ka pátákó ṣọ́ọ̀bù òdìkejì títí dé nọ́ńbà fóònù ìsàlẹ̀.

"Ó ku kí n máa ka èrò ọkàn yín," ló wí.

Ó yege lọ́jọ́ Ajé. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé ọ̀nà rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Bọ́ọ̀sì àfẹ̀mọ́jú ni wọ́n fún un, èyí tó ń gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọdún mọ́kànlá lọ bẹ́ẹ̀. Kò bú Kíákíá. Ìyẹn gan-an ló dùn ún jù.

Fọ́ọ̀mù aláwọ̀ eérú ni Kíákíá gbé lọ síbi ìdíje. Ó tẹ nọ́ńbà láìsí àmì, kọ̀ǹpútà ké "píì" lójú gbogbo èèyàn. Ó sọ ìdí tó fi ń ké. Ó sọ ohun tóun fúnra rẹ̀ ṣe. Kò gba ipò kankan.

Kí o tó yọ ohun tó o bá nílẹ̀, bi ẹni tó fi síbẹ̀ léèrè. Bó o bá sì ti ṣì í ṣe, jẹ́wọ́ kí wọ́n tó di ẹ̀bi náà ru ẹlòmíràn.

Ìlà méjì ló wà lókè kóòdù náà báyìí. Ìkejì kà báyìí pé: *Àti nítorí dírẹ́bà bọ́ọ̀sì.*