Èédú Nínú Yàrá Kékeré

"Ṣé o ṣì ń fi ìbọ̀sẹ̀ kàwé?"

Zhour, ọ̀rẹ́ Tuda, ló ń bi í bẹ́ẹ̀ lórí fóònù, tó sì ń rẹ́rìn-ín kèékèé. Tuda wo ọwọ́ ara rẹ̀. Òótọ́ ni, ìbọ̀sẹ̀ bàbá rẹ̀ ló kì bọ ọwọ́ òsì tó fi di ìwé mú. Ọwọ́ ọ̀tún ò ṣeé bò nítorí bírò. Ó ti pọ́n, àwọn ìka rẹ̀ ò sì fẹ́ ká mọ́.

"Fi mí sílẹ̀ jàre. Yìnyín ti bo fèrèsé wa dé ìdajì."

"Ṣé tiwa ni kò bò ni? Àdògán eléèédú ni mo gbé ka iwájú, mo ti ilẹ̀kùn, mo ń làágùn bí ẹni tó wà nílé ìwẹ̀."

"Bàbá mi ní a ò gbọdọ̀ gbé èédú wọ yàrá."

"Bàbá ẹ ló máa bá ẹ ṣe ìdánwò ìṣirò lọ́jọ́ Mọ́ńdè? Ó dáa, máa gbọ̀n lọ."

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Tuda. Abúlé Ayt Wulli, lórí òkè, ni wọ́n ń gbé, níbi tí òtútù oṣù kìn-ín-ní kì í ti í bá èèyàn ṣeré. Sitóòfù onígi kan ṣoṣo ló wà nílé wọn. Yàrá ńlá ló wà, páìpù rẹ̀ sì gba òrùlé jáde. Ibẹ̀ ni ìyá bàbá rẹ̀, Màmá Hadda, àtàwọn obìnrin àdúgbò jókòó sí lọ́sàn-án ọjọ́ náà, tí wọ́n ń ran òwú irun àgùntàn, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìyàwó tuntun kan tí kò mọ búrẹ́dì í yan. Ta ló lè ka ìṣirò nínú irú ariwo bẹ́ẹ̀? Bàbá àti ìyá rẹ̀ sì ti sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ọjà láti àárọ̀.

Gbogbo ìgbà òtútù ni bàbá rẹ̀ ń kìlọ̀ pé, "Ìta ni èédú ń gbé. Ẹ má jẹ́ n bá a nínú yàrá o." Tuda mọ ìkìlọ̀ náà bí ẹní mọ orúkọ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó rí àdògán tí wọ́n fi se tíì, tí ẹyin iná inú rẹ̀ ṣì pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fi aṣọ di etí rẹ̀ mú, ó sì gbé e wọlé.

Ó fi ìborùn dí ojú fèrèsé tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ó ká kúbùsù, ó fi dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Kò pẹ́ tí yàrá fi móoru. Ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ kúrò lọ́wọ́, ó sì ṣe ìṣirò mẹ́rin láìdúró.

Ilẹ̀kùn dún. Izza, àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, yọ orí wọlé.

"Háà! Àǹtí mi, ẹ ti dáná! Ẹ jẹ́ n wọlé, ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ mi ti kú."

"Wọlé, kí o tilẹ̀kùn. Bí o bá sọ fún Màmá Hadda, màá fà ẹ́ létí ya."

Izza jókòó ti àdògán pẹ̀lú ìwé rẹ̀, ó ń kun àwòrán àwọn òkè ní àwọ̀ ewé. Bóyá wákàtí kan kọjá. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ Tuda, ó ní ìwé ló fà á.

"Àǹtí mi, orí ń fọ́ mi."

"Sùn díẹ̀. Á lọ."

Izza sùn sórí ẹní. Nígbà tó yá, àwọn nọ́ńbà inú ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lójú Tuda. Bírò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú un, inú rẹ̀ sì ru sókè. Kò rí èéfín, kò gbọ́ òórùn kankan.

"Izza."

Kò dáhùn.

"Izza, dìde!" Ó mì í. Orí ọmọ náà yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, bí orí ọmọláńgidi. Ẹ̀rù ńlá ba Tuda. Ó fẹ́ dìde, orúnkún rẹ̀ kọ̀. Ó rá dé ẹnu ọ̀nà, ó fa kúbùsù kúrò, ó ṣílẹ̀kùn, ó padà wá gbá Izza mú lábẹ́ abíyá, ó sì ń wọ́ ọ bọ̀ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, títí wọ́n fi dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Afẹ́fẹ́ tútù gbá wọn lójú. Izza bì, ṣùgbọ́n kò la ojú.

Ó yẹ kí Tuda figbe ta lójú ẹsẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kọ́kọ́ padà sínú yàrá, ó gbé àdògán, ó da èédú náà sínú yìnyín lẹ́yìn ilé, ó sì fi ẹsẹ̀ wọ́ yìnyín bò ó. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló wá ké pé, "Màmá Hadda! Ẹ gbà mí o! Izza dákú!"

Moha aládùúgbò ló fi ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà nísàlẹ̀ òkè. Lójú ọ̀nà, Izza ti ń kérora, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì pa dé. Bàbá àti ìyá rẹ̀ ti gbọ́ lórí fóònù, wọ́n ti dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ kún fún àwọn ọmọ tó ń wúkọ́. Nọ́ọ̀sì Rabha, obìnrin tó ti rẹ̀, fi ẹ̀rọ kékeré kan tó ń wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ há ìka Izza.

"Afẹ́fẹ́ ara rẹ̀ dára. Kí ló jẹ?"

"Ẹ̀wà tí gbogbo wa jẹ ni," ni Màmá Hadda fèsì.

"Á jẹ́ ọ̀fìnkìn burúkú tó gbòde yìí. Ọmọ méjìlá ni mo ti rí láti àárọ̀." Ó yíjú sí Tuda. "Ìwọ lo wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣé ẹ dáná nínú yàrá yẹn?"

Bàbá rẹ̀ ń wò ó.

"Rárá, mà," ló sọ.

Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ oògùn. "Ẹ máa gbé e lọ sílé, ẹ fún un ní omi gbígbóná mu, ẹ daṣọ bò ó dáadáa."

Ìyá rẹ̀ tẹ̀ láti gbé Izza. Ọmọ náà la ojú díẹ̀, ó wo ìyá tó bí i lójú, ó sì bi í pé, "Ta ni yín?" Ìtọ̀ ń ṣàn lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò sì mọ̀.

Nǹkan já nínú Tuda.

"Irọ́ ni mo pa!" ló kígbe. "Èédú wà níbẹ̀! Èmi ni mo gbé e wọ yàrá. Mo dí fèrèsé, mo dí ilẹ̀kùn. Ẹ má gbé e lọ sílé, ẹ jọ̀ọ́, á kú, á kú!"

Nọ́ọ̀sì Rabha ju bírò sílẹ̀. "Ọ́síjìn! Ẹ gbé ọ́síjìn wá kíá!" Bó ṣe ń de ìbòjú mọ́ Izza nímú ló ń sọ̀rọ̀. "Atẹ́gùn olóró tó ń jáde lára èédú, tí a kì í rí, tí kì í rùn, máa ń tan ẹ̀rọ yìí jẹ ni. À bá fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à bá máa pa làpálàpá. Ìwọ náà jókòó, ètè tìẹ náà ti yí padà."

Wọ́n fi ọkọ̀ aláìsàn gbé àwọn méjèèjì lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Nínú ọkọ̀, Tuda bẹ ìyá rẹ̀ kó pe Zhour. "Ẹ ní kó ṣí fèrèsé, kó jáde níbẹ̀." Ìyá Zhour ló gbé fóònù. Ó ní Zhour ń ṣàròyé orí fífọ́, àwọn rò pé òtútù ló mú un. Wọ́n gbé àdògán jáde lójú ẹsẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Izza lò níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó dá ìyá rẹ̀ mọ̀. Síbẹ̀, odindi oṣù kan ni ọwọ́ rẹ̀ fi ń gbọ̀n bó bá di pẹ́ńsù mú. Tuda pàdánù ìdánwò ìṣirò, ó di ìgbà mìíràn kó tó ṣe é. Kò tiẹ̀ rántí ìdánwò náà. Ohun tó ń já a láyà ni pé, ká ní wọ́n ti gbé Izza dé ilé kí òun tó sọ̀rọ̀ ńkọ́?

Bàbá rẹ̀ kò lù ú, kò bú u. Ó jókòó sẹ́bàá ibùsùn Tuda.

"Tuda, ta ló bà ọ́ lẹ́rù jù nígbà tí nọ́ọ̀sì bi ọ́ léèrè?"

Tuda sunkún. "Ẹ̀yin ni, Bàbá."

Ọkùnrin náà gbé ojú sílẹ̀. "Nígbà náà, èmi náà ṣàṣìṣe. Bó o bá ṣe ohun tó burú jù láyé, kọ́kọ́ pariwo. Ìbínú mi kì í pa èèyàn. Èédú ń pa."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, òtútù kì í ṣe ọ̀tá kékeré, ó sì yẹ ká fi aṣọ, oúnjẹ gbígbóná àti iná gbógun tì í. Ṣùgbọ́n ilé tí iná bá wà gbọ́dọ̀ ní ibi tí yóò ti máa mí, àdògán kò sì ní iṣẹ́ kankan nínú yàrá. Bí àṣìṣe bá sì ti ṣẹlẹ̀, ẹ má fi í pamọ́ fún ẹni tó fẹ́ tọ́jú yín. Ìtìjú á kọjá lọ, ẹ̀mí tó bá bọ́ kì í padà.