Àkísà Pupa Kò Lè Jẹ́rìí fún Bàálù

Ìyá Sèlíátù wé gèlè, ó tú u, ó tún un wé.

"Ṣé atẹ́gùn òkè kò ní gbé e lọ báyìí?" ó bi ọmọ rẹ̀, Tàjúdínì.

"Ìyá, inú gíláàsì lẹ máa jókòó sí. Atẹ́gùn kò ní rí yín."

"Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo àdúgbò Kennedy ti ń pè mí ní Anago tó fẹ́ fò."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín; Anago ni wọ́n ń pe Yorùbá ní Bouaké. Tàjúdínì, tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní àdúgbò Commerce, ni ẹni àkọ́kọ́ nínú ẹbí wọn tó ní bàálù. Kékeré ni, àlòkù ni, ṣùgbọ́n ó ní ìwé àṣẹ láti wà á, ó sì mọ iṣẹ́ irin dunjú. Ọjọ́ tó rà á ló ti ṣèlérí pé ìyá òun yóò fojú ara rẹ̀ wo Bouaké láti òkè, ìlú tí obìnrin náà fi ẹsẹ̀ kiri aṣọ nínú rẹ̀ títí irun rẹ̀ fi funfun. Òní ni ìlérí náà fẹ́ ṣẹ.

Mounira, ọmọ àbúrò Tàjúdínì tó ń pè é ní Tonton, bá wọn lọ. Bouaké ni wọ́n bí i sí. Mẹkáníìkì bàálù tó gba ìwé àṣẹ ni ní Abidjan, ó wá kí ẹbí ni.

Ilé onípáànù kan ní ọ̀nà Diabo ni wọ́n ń gbé bàálù náà sí. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, bàálù ń dán bí abọ́ tuntun. Souleymane, ọmọ ẹ̀yà Jùlá tó ń ṣọ́ ibẹ̀, dúró tì í tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Patron, ọ̀gá mi, mo gbọ́ pé ìyá yín ń bọ̀. Mo fọ gbogbo rẹ̀, mo kó gbogbo pàǹtí dànù."

"O ṣeun, Souleymane. Ọlọ́run á fọ ọ̀nà tìrẹ náà mọ́."

Ìyá ti gbé ẹsẹ̀ kan sókè láti wọlé nígbà tí Mounira di apá rẹ̀ mú.

"Ìyá àgbà, ẹ ní sùúrù díẹ̀. Tonton, ẹ jẹ́ kí n wo ìwé àkọsílẹ̀ bàálù yìí ná."

"Ìwé kẹ̀? Ṣé ìdánwò báàkì àṣejáde ni bàálù fẹ́ ṣe ni?"

"Òun gan-an ni, Tonton. Ẹ jẹ́ kó yege."

Tàjúdínì rẹ́rìn-ín, ó fa ìwé náà yọ lábẹ́ ìjókòó. Àyẹ̀wò ọdọọdún tí mẹkáníìkì buwọ́ lù wà níbẹ̀, àkókò rẹ̀ kò sì tíì kọjá. Lẹ́yìn ìyẹn, òfìfo ni gbogbo ojú ìwé.

"Ìgbà wo lẹ pààrọ̀ ọ́ìlì kẹ́yìn?"

"Kò tíì pẹ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi pààrọ̀ rẹ̀. Òfin gbà mí láyè."

"Ó gbà yín láyè lóòótọ́. Òfin kan náà yẹn ló ní kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

"Mounira! Èmi ni mo ni ín, èmi ni mò ń wà á, èmi ni mo tún un ṣe. Ta ni mò ń kọ̀wé sí?"

Ọmọbìnrin náà kò jiyàn. "Ṣé ẹ parí iṣẹ́ náà?"

"Mo pa..."

Ó rántí pé ọwọ́ òun ṣì wà nínú ẹ́ńjìnnì lọ́jọ́ náà nígbà tí wọ́n pè é láti Commerce pé ọkọ̀ ẹrù ti dé. Ó rántí bó ṣe sáré nu ọwọ́ tó sì lọ.

"Ó ní láti jẹ́ pé mo padà wá parí rẹ̀," ó ní. "Mo fi ààlè sí i. Mo so àkísà pupa mọ́ abẹ̀bẹ̀ iwájú, kí n lè mọ̀ pé iṣẹ́ kù. Wò ó, àkísà kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo ti parí rẹ̀ nìyẹn."

Souleymane ka ọwọ́ lérí. "Àkísà pupa? Èmi ni mo tú u. Òun ni mo fi nu gíláàsì."

"Háà!" Ìyá pariwo. "Ní Ògbómọ̀ṣọ́ tiwa, ta ló jẹ́ fọwọ́ kan ààlè?"

"Ìyá àgbà, Souleymane kì í ṣe ará Ògbómọ̀ṣọ́," ni Mounira wí. "Àmì tí ẹnì kan ṣoṣo mọ ìtumọ̀ rẹ̀ kò lè kìlọ̀ fún ẹlòmíràn."

Ó ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì. Ó na ọwọ́ sí fíltà tí ń sẹ́ ìdọ̀tí kúrò nínú ọ́ìlì, ó yí i díẹ̀. Fíltà náà tẹ̀ lé ọwọ́ rẹ̀. Wáyà tó yẹ kó dè é kò sí rárá.

"Tonton, ẹ fọwọ́ kàn án."

Ó fọwọ́ kàn án. Ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò kò nílò àlàyé: lókè, ọ́ìlì yóò tú dànù, ẹ́ńjìnnì yóò gbóná, yóò sì kú. Ó wo gèlè tí ìyá rẹ̀ fara balẹ̀ wé, kò lè gbójú sókè mọ́.

"Ǹjẹ́ nǹkan míì wà tí ẹ ṣe tí ẹ kò kọ?" Mounira bi í pẹ̀lẹ́.

"Mo pààrọ̀ táyà. Mo tún... jẹ́ kí n ronú ná."

"Tí a bá ní láti ronú, a kò ní fò lónìí."

Wọn kò fò. Ìyá tú gèlè, ó jókòó lábẹ́ igi kàjú, ó sì bu àtíkẹ́ tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe àti ẹja fún gbogbo wọn. Mounira àti Tàjúdínì yẹ bàálù náà wò láti iwájú dé ìrù. Tàjúdínì fi sípánà tó ń díwọ̀n agbára yí fíltà náà le dé ibi tí ìwé ilé iṣẹ́ tó ṣe bàálù sọ, ó dè é ní wáyà, wọ́n tan ẹ́ńjìnnì wò, ọ́ìlì kò sì jò. Lẹ́yìn náà ló kọ ohun tó ṣe sílẹ̀. Mounira kọ àyẹ̀wò tó ṣe náà, ó sì buwọ́ lù ú.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n padà wá. Ìyá Sèlíátù dúró sídìí ilẹ̀kùn bàálù, kò wọlé.

"Kà á sí mi létí."

"Kí ni, Ìyá?"

"Ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Èmi kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n gbọ́."

Tàjúdínì kà á jẹ́ẹ́: ọjọ́ iṣẹ́, wákàtí tí ẹ́ńjìnnì ti ṣe, ọ́ìlì, fíltà, táyà. Ó dé ìsàlẹ̀. "Tàjúdínì ló ṣe é."

"Orúkọ tí mo sọ ọ́ nìyẹn," Ìyá ní. "Tí o bá lè fi orúkọ náà dúró fún iṣẹ́ yìí, gbé mi lọ." Tàjúdínì sì gbé e fò.

Ọ̀rẹ́ wa tó ní bàálù tirẹ̀, ìwọ la ń bá sọ̀rọ̀. Béèrè lọ́wọ́ àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọkọ̀ òfuurufú nílẹ̀ rẹ pé irú iṣẹ́ wo lo lè fi ọwọ́ ara rẹ ṣe. Èyí tó bá kọjá ìyẹn, fi í sílẹ̀ fún mẹkáníìkì tó ní ìwé àṣẹ. Èyí tó o bá ṣe, kọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an: ọjọ́, wákàtí ẹ́ńjìnnì, ohun tó o ṣe, ohun tó o pààrọ̀, orúkọ rẹ, nọ́ńbà ìwé àṣẹ rẹ, kí o sì buwọ́ lù ú. Bí ìpè bá sì dé tí iṣẹ́ kò tíì parí, kọ "kò tíì parí" sínú ìwé kí o tó dìde, kí o sì gbé àkọlé tí gbogbo ènìyàn lè kà sórí ìjókòó awakọ̀.

Àdúrà dára ká tó gbéra. Ọlọ́run tó ń gbọ́ ọ náà ló fún wa ní ọwọ́ láti fi de wáyà, àti láti fi kọ̀wé. Ẹni tí yóò jókòó lẹ́yìn rẹ lè jẹ́ ìyá tó bí ọ.