Bàtà Tí Dádì Reuben Fi Ránṣẹ́

"Na ẹsẹ̀ rẹ," ni Akínrẹ̀mí wí.

Orí àtẹ̀gùn ilé wọn ní Gascoigne, ní ìlú òyìnbó, ni Wúrà jókòó sí. Ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn ròkè ti bàjẹ́ láti ọjọ́ Ajé, kò sì sí okun tó máa fi gun àjà mẹ́ta tó kù. Ó ti sáré títí ní pápá Mayesbrook, ó ti dúró fún wákàtí mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ilé ìwé. Ó rẹ̀ ẹ́ dé egungun. Ṣùgbọ́n nígbà tí Akínrẹ̀mí kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, tó rọra wọ bàtà ìsáré tuntun sí i lẹ́sẹ̀, tó ń so okùn rẹ̀ bí ẹni tó ń di ọgbẹ́ ọmọ ìkókó, àyà Wúrà bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì.

"Dádì mi ní kí n gbé e fún ẹ. Wọ́n ní ọmọ tó ń lọ sí yunifásítì àwọn kò gbọdọ̀ máa fi téèpù di bàtà."

Ẹ̀rín pa Wúrà, ẹ̀rù sì bà á. Yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà ti ṣèlérí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún un nítorí eré sísá. Ibẹ̀ gan-an ni Dádì Reuben, bàbá Akínrẹ̀mí, ti kàwé ní ogún ọdún sẹ́yìn, títí di òní ló sì ń dáwó fún ẹgbẹ́ eléré wọn. Fìlà ẹgbẹ́ náà ló máa ń dé wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ló máa ń bẹ̀ ẹ́ kó ṣí i, kó tó fi sùtánà wọlé.

Bẹ́ẹ̀ Kóòṣì Nabeelah, tó ń kọ́ Wúrà ní eré sísá, ti ka òfin yunifásítì náà sí i létí: "Ẹni tó bá jẹ́ alátìlẹ́yìn yunifásítì yẹn, tó ń dáwó fún wọn, kò gbọdọ̀ fún ẹ ní nǹkan kan, kò sì gbọdọ̀ fún ìyá ẹ. Omi inú ike pàápàá, bi mí kí o tó mu ún."

Wúrà wo ojú Akínrẹ̀mí. Ta ló máa wo irú ojú bẹ́ẹ̀ kó ní kó gbé bàtà padà?

"Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn," ló wí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Magdalene, ìyá rẹ̀, ti ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ ìmọ́tótó ní Creekmouth dé, ojú rẹ̀ pọ́n fún àìsùn. Ó rí bàtà náà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ta ló ni èyí?"

"Dádì Reuben ló fún mi, Mọ́mì."

"Háà! O sì dákẹ́ bí ẹni tó jí i? A ò tíì dúpẹ́!"

"Ẹ fi sílẹ̀, màá dúpẹ́ fúnra mi."

"Kí n fi kí ni sílẹ̀? Kí wọ́n lè ní Magdalene ò kọ́ ọmọ?"

Wúrà ì bá ti sọ ọ̀rọ̀ òfin náà nígbà yẹn. Kò sọ ọ́. Ìyá rẹ̀ kò tiẹ̀ tíì bọ́ kóòtù tó fi ya bàtà náà ní fọ́tò, ó gbé e sí Wasáàpù ìjọ: "Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Dádì Reuben tó wọ ọmọ mi ní bàtà. Ẹsẹ̀ yín ò ní kọ o!" Kí omi tó gbé kaná tó hó, àmín ti lé ní ogójì. Inú Dádì Reuben dùn débi pé ó fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ yunifásítì náà: "Ọmọ wa rèé! Èmi ni mo ra bàtà."

Ní ọjọ́ kẹta, Kóòṣì Nabeelah pè. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Wúrà, ọ́fíìsì tó ń rí sí òfin ní yunifásítì ti rí fọ́tò yẹn. Aago márùn-ún ni wọ́n máa pè ẹ́ lórí fídíò. Wọ́n lè gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yẹn padà, n ò ní tàn ẹ́."

Akínrẹ̀mí ti ń dúró dè é ní ibùdókọ̀ Ripple Road.

"Sọ pé èmi ni mo rà á. Èmi ò kàwé níbẹ̀."

"Ta ló máa gbà? Ìwọ tó jẹ́ pé adìyẹ díndín mi lo máa ń bá mi jẹ?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Wúrà, jọ̀ọ́. Wọ́n á yọ orúkọ dádì mi kúrò lára àwọn alátìlẹ́yìn. Látìgbà tí mọ́mì mi ti kú, eré ẹgbẹ́ yunifásítì yẹn nìkan ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Tí o bá fẹ́ràn mi..."

Ọ̀rọ̀ tí Wúrà ti ń retí láti ìgbà ooru èṣí rèé. Irọ́ ló wá bá a rìn. Ó rọra gba ọwọ́ rẹ̀ padà.

Ní aago márùn-ún, obìnrin kan láti ọ́fíìsì náà yọ lójú fóònù, ó fi sùúrù bi í léèrè ẹni tó ta bàtà náà lọ́rẹ. Ìyá Wúrà jókòó tì í.

"Ọ̀gbẹ́ni Reuben ni. Mo mọ òfin. Síbẹ̀, mo gbà á."

Nígbà tí ojú fóònù ṣókùnkùn, ìyá rẹ̀ kò pariwo. "O mọ̀," ló wí. "O mọ̀, o sì jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi ṣàkóbá fún ẹ. Èmi tí mo rò pé ọpẹ́ ni mò ń dá."

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni wọ́n fi dúró, tí oúnjẹ kò dùn lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Èsì wá dé. Nítorí pé Wúrà sọ òtítọ́, wọn kò gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà padà, ṣùgbọ́n kò ní kópa nínú ìdíje mẹ́rin àkọ́kọ́, ó sì gbọ́dọ̀ dá bàtà padà. Fún ọdún mẹ́ta, Dádì Reuben kò gbọdọ̀ dáwó, kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ eléré wọn kankan. Akínrẹ̀mí kò gbé ìpè Wúrà mọ́.

Wúrà gbé bàtà náà lọ sí ilé Dádì Reuben ní Rippleside, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú sí mi, sà."

Dádì Reuben gba bàtà náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Dìde, ọmọ mi. Ọdọọdún ni wọ́n ń fi ìwé òfin yẹn ránṣẹ́ sí mi. N kì í ṣí i. Mo rò pé ẹni tó bá ń fi ìfẹ́ ṣe nǹkan kò nílò òfin."

Akínrẹ̀mí wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wo Wúrà lẹ́ẹ̀kan, ó wọlé, ó rọra ti ilẹ̀kùn.

Wúrà sunkún títí ó fi délé. Gbólóhùn kan péré ni ì bá ti gba gbogbo wọn sílẹ̀: "Ẹ ṣé, sà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bèèrè." Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, tí ẹ bá mọ òfin, ẹ sọ ọ́ síta kí ẹ tó na ọwọ́ gba ẹ̀bùn, ì báà jẹ́ ẹni tí ọkàn yín fẹ́ jù ló gbé e wá. Ó lè bínú lọ́jọ́ náà. Ẹ jẹ́ kó bínú.